Bàǹdìrì Tí A Tà sí Òdìgbó

Àwa tí à ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní Orè mọ ohun tí òjò máa ń fi ojú ìlù rí. Ilẹ̀ igbó ni ilẹ̀ wa, ilẹ̀ kòkó. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, awọ ìlù á rọ̀. Bàǹdìrì tí ilé kéwú wa ní nígbà náà, igi róbótó ni ara rẹ̀, awọ ewúrẹ́ ni wọ́n kàn sí ojú rẹ̀ kan ṣoṣo. Bí a bá fẹ́ lò ó nígbà òjò, àfi kí a kọ́kọ́ fi yáná. Ìgbà kan wà tí àwọn ọmọ wa ń kọrin wòlímà lọ́wọ́, tí ìlù kàn ń dún bíi páálí tó ti rẹ sómi.

Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń ná ọjà Èkó wá sọ fún wa pé èyí tó dára jù ú lọ wà: ọ̀rá ni ojú rẹ̀, irin ni wọ́n fi ń fún un le. Ohun àtijọ́ ni lójú àwọn kan, nítorí láti 1957 ni Remo Belli ti dá ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú ojú ìlù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Òjò kì í mú un rọ̀ bíi ti awọ. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn kò fohùn ṣọ̀kan lórí ohun èlò orin, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn gba ìlù olójú kan tí Lárúbáwá ń pè ní duff láàyè níbi ìgbéyàwó. A pinnu láti ta ti àtijọ́, kí a fi owó rẹ̀ kún ti tuntun.

Ilé kéwú kékeré kan ní Òdìgbó, tí kò jìnnà sí wa, ló fẹ́ rà á. Ọmọ tí àwa fúnra wa kọ́ ni olùkọ́ ibẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn wa, ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí: igi bàǹdìrì náà ti sán. A fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, a wé aṣọ pupa mọ́ ọn, a ní ẹ̀ṣọ́ ni. Ọ̀sán gangan ni wọ́n wá, oòrùn ń ràn. Wọ́n lù ú, ó dún dáadáa. Wọ́n ka owó tí àwọn òbí dá jọ lé wa lọ́wọ́, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, hádíìsì tó kàn láti kọ́ àwọn ọmọ ni èyí tó wà nínú ìwé Muslim, nípa olóúnjẹ kan lọ́jà. Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ rẹ̀, ó bá a ní tútù. Ọkùnrin náà ní òjò ló pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò fi èyí tó tutù sókè kí àwọn èèyàn rí i, ó sì sọ pé ẹni tó bá ń rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara òun. Ọmọbìnrin kékeré kan nawọ́ sókè:

“Àáfà, aṣọ pupa tí a wé mọ́ bàǹdìrì ńkọ́?”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. A pa ìwé dé.

Ilẹ̀ mọ́, a gba Òdìgbó lọ. A tú aṣọ náà lójú àwọn ọmọ wọn, a fi ibi tó sán hàn. A rán olùkọ́ wọn létí pé ẹni tó ra ọjà tí wọ́n fi àbùkù rẹ̀ pamọ́ fún lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a padà, kó sì gba owó rẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa náà ló ṣáà ti kọ́ ọ. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní:

“Àáfà, a ti rí i lánàá. Ojú yín ni mo wò.”

Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá ju èébú lọ. Wọ́n ní àwọn yóò ṣì lò ó, a sì dá ìdajì owó padà fún wọn. Oṣù mẹ́ta ni a tún fi dáwó kí tuntun tó dé. Ó ti dé, òjò ń rọ̀, ó ń dún. Ti Òdìgbó náà ń dún níbi ìgbéyàwó, láìsí aṣọ lára rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí ibi tó sán á rí i.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, bí ẹ bá fẹ́ fi ohun tí ẹ ní ra èyí tó dára jù ú lọ, ẹ kọ́kọ́ sọ àbùkù rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ rà á. Kí Ọlọ́hun fi ìbùkún sínú òwò wa. Àmín.