Bàtà Tí Kò Gbọdọ̀ Tóbi

Àwa Yorùbá kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí orúkọ bàtà tí ó ní táyà lábẹ́. Àwọn ọmọ Ìsọlọ̀ àti Òṣòdì ń pè é ní sìkéètì, àwọn àgbà a sì máa pè é ní bàtà onítáyà. Èyí tí ó ní abẹ irin dípò táyà, tí wọ́n fi ń sáré lórí yìnyín ní ilẹ̀ òtútù, kò tilẹ̀ ní orúkọ láàrin wa rárá, kò sì yà mí lẹ́nu. Yìnyín tí a mọ̀ ni èyí tí ó ń bá òjò bọ́, tí àwọn ọmọdé ń ṣà jẹ, àti èyí tí àwọn ẹlẹ́ja ń rà láti fi pa ẹja mọ́. Ta ni yóò ronú pé ènìyàn lè dúró lé e lórí, ká má tilẹ̀ sọ pé yóò sáré?

Síbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí ó mọ bàtà abẹ irin yẹn í lò jù lọ ní ayé ń jẹ́ orúkọ tí ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè túmọ̀ láìwo ìwé. Jarome Iginla ni, tí wọ́n bí ní Edmonton ní orílẹ̀-èdè Kánádà ní ọdún 1977, tí bàbá rẹ̀ sì ti Nàìjíríà lọ síbẹ̀. Igi ńlá ni orúkọ ìdílé rẹ̀. Adékúnlé sì wà lára orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Láti 1996 títí di 2013 ni ó fi gbá họ́kì orí yìnyín fún ẹgbẹ́ Calgary Flames, góòlù 625 ni ó sì jẹ ní líìgì NHL kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ní oṣù Kejì ọdún 2002, nígbà tí Kánádà na Amẹ́ríkà ní góòlù 5 sí 2 ní àṣekágbá Òlíńpíìkì ìgbà òtútù, òun ni ó jẹ méjì nínú márùn-ún náà, ó sì di ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà nínú ìdíje yẹn. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bí a bá ń kọ́ ẹ̀kọ́ lórí orúkọ àti ìtumọ̀ rẹ̀. Wọn a rẹ́rìn-ín pé igi ńlá wá ń yọ̀ lórí omi dídì.

Mo mẹ́nu ba họ́kì nítorí pé ìbátan ni bàtà méjèèjì. Bàtà alátáyà mẹ́rin, tí méjì wà níwájú tí méjì wà lẹ́yìn, James Plimpton ni ó gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1863. Ṣùgbọ́n èyí tí táyà rẹ̀ tò tẹ̀lé ara wọn lórí ìlà kan ṣoṣo, ọwọ́ àwọn agbá-họ́kì ni ó ti di ọjà ńlá. Àwọn ọmọ ìyá méjì kan ní Minneapolis, Scott Olson àti Brennan Olson, ń wá ohun tí wọn yóò fi máa dánra wò ní ìgbà ooru tí yìnyín bá ti yọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1980 ni ó di ilé-iṣẹ́ Rollerblade. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú òfin tí agbá-họ́kì ń tẹ̀lé bí ó bá ń yan bàtà ni ó bá ọmọ tí ń sáré lórí kọnkéré ní Ìlasamàjà wí pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ náà di ti ilé wa ní ọdún tó kọjá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, ní bàtà onítáyà ni òun fẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn ìdánwò tí òun yege. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kọ̀. Ó ti rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń wọ bàtà yìí di ẹ̀yìn dáńfó mú ní títì márosẹ̀, tí ọkọ̀ ń wọ́ wọn lọ bí ẹni pé ikú jẹ́ ọmọ ìyá wọn. Ṣùgbọ́n bàbá ọmọ ti ṣèlérí kí ó tó bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ni ẹ̀gbọ́n mi bá pè mí, ó ní, "Ìwọ ni o máa ń ka gbogbo nǹkan kí o tó rà á. Máa bọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí o wá bá wa yàn án."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjà Aswani máa ń kún ní Ìsọlọ̀, bàtà sì wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń torí rẹ̀ lọ, àti tuntun àti àlòkù. Ẹ wo bí èdè wa ti lọ́rọ̀ tó lórí àlòkù nìkan. A ní òkìríkà, tí ó jẹ́ orúkọ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Rivers kí a tó sọ ọ́ di orúkọ ọjà. A ní bọ́síkọ́nà, tí ó ń sọ ìtìjú ẹni tí kò fẹ́ kí ojúlùmọ̀ bá òun níbi tí òun ti ń ṣà á. A sì ní tòkunbọ̀, tí ó tilẹ̀ gbé ọjà náà níyì bí ọmọ tí a bí sí òkè òkun. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń wá àkòrí fún àròkọ lórí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń wọ èdè, ẹ fún àwọn ọmọ ní mẹ́ta yìí.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí ọjọ́ kejì rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ ọjà, mo ní kí ọmọ náà dúró lórí bébà, kí ó tẹ gìgísẹ̀ mọ́ ògiri, mo sì fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ibi tí àtàǹpàkò rẹ̀ dé. Mo dúró di ìrọ̀lẹ́ nítorí pé ẹsẹ̀ a máa wú díẹ̀ bí ọjọ́ bá ti ń lọ. Sẹ̀ǹtímítà 23 àti ààbọ̀ ni ti ọ̀tún. Ti òsì fi díẹ̀ kéré sí i. Èyí tí ó gùn jù ni a ń tẹ̀lé. Nọ́ńbà bàtà Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà, ti ilẹ̀ Yúróòpù tún yàtọ̀ sí méjèèjì, ṣùgbọ́n sẹ̀ǹtímítà kò ní èdè méjì, ọ̀pọ̀ bàtà onítáyà sì ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí inú tàbí sí ara ahọ́n rẹ̀.

Ibẹ̀ ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́kọ́ fa ọ̀rọ̀. Ó ní, "Nọ́ńbà méjì ni kí a fi lé e, kí ó lè pẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀." Ta ni nínú wa tí kò wọ irú bàtà bẹ́ẹ̀ rí? Bàtà ilé-ìwé tí wọ́n fi òwú dí iwájú rẹ̀, tí ó jẹ́ pé ìgbà tí ó bá ẹsẹ̀ mu tán ni àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lu. Ọgbọ́n àìní ni, n kò sì jẹ́ bú u, nítorí òun ni àwọn òbí wa fi rọ́gbọ́n dá. Ṣùgbọ́n bàtà ìrìn ni ọgbọ́n yẹn wà fún. Nínú bàtà onítáyà, gìgísẹ̀ tí ó ń gbéra sókè kò lè darí ohunkóhun. Ọmọ yóò yí ẹsẹ̀, bàtà kò ní í tètè yí. Ọrùn ẹsẹ̀ yóò wó sínú, orúnkún yóò sì bá a lọ. Bàtà yìnyín àwọn agbá-họ́kì sábà máa ń fi nọ́ńbà kan tàbí kan àti ààbọ̀ kéré sí bàtà tí wọ́n ń wọ̀ rìn, àwọn mìíràn a sì máa fi ooru mú un rọ̀, kí ó lè gba ìrísí ẹsẹ̀ ẹni tí ó ni ín.

Ọ̀nà tí a fi ń dán an wò kò le. Bí ọmọ bá dúró ṣánṣán, kí àtàǹpàkò kan iwájú bàtà fẹ́rẹ́, kí ó má ká. Bí ó bá wá tẹ orúnkún, gìgísẹ̀ yóò sún sẹ́yìn, ọmọ ìka yóò sì kúrò lára ògiri bàtà. Kí a so okùn rẹ̀ le ní ọrùn ẹsẹ̀, kí ó dẹ̀ díẹ̀ níbi ọmọ ìka. Mo ní kí ọmọ náà ṣe bí ẹni tí ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí àgbà. Ọkùnrin tí ó ń tajà wò wá títí, ó ní, "Mọ̀mí, ṣé èmi ni ó ń kí àbí bàtà?"

Bàtà àkọ́kọ́ tóbi, ẹ̀gbọ́n mi ni ó mú un. Èkejì jẹ́ irú èyí tí a lè fà gùn bí ẹsẹ̀ ọmọ bá ṣe ń dàgbà, ojú ẹ̀gbọ́n mi sì tàn. Ó rò pé ìjà wa ti parí. Ohun tó dára ni irú bàtà yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi èékánná tẹ ike rẹ̀, ó ṣí bí èèpo. Irú ike kan wà tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀, ìbáà jẹ́ inú páálí ni bàtà wà láti ọdún mẹ́wàá láìwọ̀. A lè máa dán lójú, kí ó sì fọ́ wẹ́wẹ́ ní ọjọ́ tí ẹsẹ̀ bá fi tagbára tẹ̀ ẹ́. Èmi kì í wo ọdún tí a fi lò ó, ọdún tí a ṣe é ni mo ń wò.

Ẹ̀kẹta ni ó bá a mu. Mo yí táyà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bíárìn tí ó dára a máa yí pẹ́ láìpariwo. Èyí tí omi àti iyanrìn ti wọ̀ a máa dún bí ẹni ń lọ ata. Méjì ń dún. Ìyẹn kò bà mí lẹ́rù, nítorí nọ́ńbà 608 ni ó wà lára wọn, tí ihò àárín rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 8, tí òde rẹ̀ sì jẹ́ 22. Ìwọ̀n yẹn ni ó wọ́pọ̀ jù nínú bàtà yìí, a sì rí i rà lọ́dọ̀ oníbíárìn. Táyà tí ó jẹ níhà kan, a yí i padà, kí ìhà tí ó ṣẹ́ kù lè kan ilẹ̀.

Bàtà mìíràn wà níbẹ̀ tí ó dán jù, ti orúkọ ńlá, ojú ọmọ sì wà lára rẹ̀. Yóò gbé gbogbo owó wa mì. Mo ní rárá, ohun tí ó bá ṣẹ́ kù ni a ó fi ra àṣíborí. Ó ya àwọn méjèèjì lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àṣíborí ọ̀kadà bàbá rẹ̀ ń bẹ nílé." Òótọ́ ni, láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fi òfin dé ọ̀kadà ní Òṣòdì sí Ìsọlọ̀, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni ó wà lábẹ́ ibùsùn. Ṣùgbọ́n orí àgbà ni wọ́n ṣe é fún. Ó wúwo, yóò sì máa yí lórí ọmọ bí ìkòkò lórí ààrò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò pé.

Ọ̀rọ̀ ńlá ni àṣíborí. Nínú Bíbélì ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ara ìhámọ́ra ọmọ-ogun. Nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sọ ọ́ di dandan fún àwọn ọlọ́kadà ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2009, àwọn kan dé igbá, àwọn kan dé agolo ọ̀dà, àwọn èrò sì ń bẹ̀rù pé oògùn lè wà nínú ohun tí gbogbo ènìyàn ń dé. Gbogbo ilẹ̀ fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn agbá-họ́kì náà kò sì yá sí i. Bill Masterton fi orí gbálẹ̀ lórí yìnyín láìdé àṣíborí ní ọjọ́ 13 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1968, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Síbẹ̀, ọdún 1979 ni NHL tó sọ ọ́ di dandan, fún àwọn tí ń wọlé tuntun nìkan. Craig MacTavish, ẹni ìkẹyìn tí ó ń gbá a lórí lásán, kò fẹ̀yìn tì títí di 1997. Lára ohun tí ó fa ìdádúró yìí ni pé wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n ní ojo.

Àṣíborí nìkan ni mo kọ̀ láti rà ní àlòkù. Fóòmù líle inú rẹ̀ ni ó ń gba ìyà tí orí ìbá jẹ. Bí ó bá ti gbà á lẹ́ẹ̀kan, ó tán, ojú lásán kò sì lè rí i láti òde. A ra tuntun tí wọ́n kọ EN 1078 sí nínú, èyí tí í ṣe àmì ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù fún ti kẹ̀kẹ́ àti bàtà onítáyà. Kí ó jókòó gbọọrọ lórí, ní ìwọ̀n ìka méjì sókè ìpéǹpéjú, kí ó má sún sẹ́yìn bí fìlà ọkọ ìyàwó. Kí okùn rẹ̀ pàdé lábẹ́ etí, kí ìka kan péré sì lè wọ abẹ́ àgbọ̀n. Irun ọmọ náà fún wa ní wàhálà. Dídì tí ó ga kò jẹ́ kí àṣíborí jókòó, a ní láti tú u, kí a sì di pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn orí, ọrùn ọwọ́ ni. Ẹni tí ó bá ń ṣubú a máa na ọwọ́ sílẹ̀ kí ó tó ronú. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1996 fi hàn pé ewu kí ọrùn ọwọ́ fara pa fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá pọ̀ sí i fún ẹni tí kò wọ ìdáàbòbò rẹ̀, èyí tí ó ní ike líle ní àtẹ́lẹwọ́. A rí i ní àlòkù, ó ṣì le dáadáa. Ti orúnkún náà wà. Ti ìgúnpá kò sí, ẹ̀gbọ́n mi sì fi aṣọ àtijọ́ àti fóòmù rán an fúnra rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí ó ṣe é.

Ìṣubú ni a kọ́kọ́ kọ́ ọ nínú ọgbà ilé: tẹ orúnkún, fi orúnkún ṣubú síwájú, kí ọwọ́ tẹ̀lé e. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó bi mí léèrè, "Àǹtí, ṣé mo lè jáde dé títì?" Ìyá rẹ̀ ni ó dá a lóhùn láti inú ilé ìdáná, n kò sì ní kọ gbogbo ohun tí ó sọ síbí. Ọgbà ni ọmọ náà ti ń sáré títí di òní, kọnkéré rẹ̀ sì fẹ̀ tó láti yí po lẹ́ẹ̀mẹwàá kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Ní ìparí oṣù tó kọjá, ó ní àtàǹpàkò òun ti ń kan ògiri bàtà bí òun bá tẹ orúnkún pàápàá. Mo ti mú bébà àti pẹ́ńsùlù lọ́wọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ni a ó tún wọ̀n ọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́kọ́ béèrè bóyá a kò lè fi nọ́ńbà kan lé e ní tòótọ́.