Wọ́n Bi Wá Léèrè, A Purọ́

  

Ní ìpàdé ọmọ ìlú tó kọjá, ọ̀kan nínú wa dìde, ó ní dókítà ti ní kí bàbá òun wá ṣe iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n bàbá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ọ̀bẹ kọ́ ni àwọn ń bẹ̀rù, abẹ́rẹ́ oorun ni. Ilé bá dàrú. Oníkálùkù ń sọ ìtàn ẹni tó sùn tí kò jí. Àwa ò sọ nǹkan kan, torí pé ọ̀rọ̀ náà bọ́ síbi tó ń dùn wá. Ìgbà tá a délé la ní kò yẹ ká dákẹ́ mọ́.

Kẹ́ ẹ lè mọ àwa tá à ń wí: ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, Jọ́ọ̀sì la dàgbà sí, àwo àti ife onígíláàsì la ń tà. Ọmọ ìyá mẹ́rin ni wá. Ẹ̀gbọ́n wa ni àkọ́bí, àwa mẹ́ta, ọkùnrin méjì, obìnrin kan, la tẹ̀ lé wọn.

Ẹ̀gbọ́n ní ìpá. Ó tó ọdún mẹ́sàn-án tó ti bẹ̀rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, bí ẹyin adìyẹ ló rí nísàlẹ̀ ikùn. Tí wọ́n bá dùbúlẹ̀, á wọlé. Tí wọ́n bá gbé páálí àwo, á tún yọ. Nígbà tó yá, kì í tètè wọlé mọ́. Dókítà ní tí ìfun bá lọ há síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, tí ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ á di ti kánjúkánjú, ẹ̀mí sì lè bá a lọ. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n tún lọ ra àgbo.

Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n kì í ṣe lásán. Bàbá wa kú lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ ní 1998. Àwa la gbé wọn lọ sí ọsibítù. Ohun tí gbogbo ilé wa sì mọ̀ látìgbà náà ni pé abẹ́rẹ́ oorun ló pa Bàbá. Ọ̀rọ̀ yẹn la fi tọ́ àwọn ọmọ wa dàgbà.

Lọ́dún tó kọjá, ìrora náà pọ̀ débi pé Ẹ̀gbọ́n gbà. A dá ọjọ́. Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ pé tó bá ti di aago méjìlá òru, wọn ò gbọ́dọ̀ jẹun mọ́. A ní a ti gbọ́. Àmọ́ ẹ mọ bí ilé Yorùbá ṣe rí. Ọkùnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀bẹ kàn, ẹ ní kó má fi nǹkan kan sẹ́nu? Agbára wo ló fẹ́ lò? Ní aago márùn-ún ìdájí, ìyàwó Ẹ̀gbọ́n gbé ògì gbígbóná àti mọ́ínmọ́ín wá. Wọ́n jẹ ẹ́ tán. Gbogbo wa wà níbẹ̀. Àwa la tiẹ̀ ní kí wọ́n rọra mu ún, kó má bó wọn lẹ́nu.

A dé ọsibítù ní aago mẹ́sàn-án. Dókítà tó máa fún wọn lóògùn oorun wá bá wa. Ọmọbìnrin kan ni, kò lè ju ọmọ ọdún márùndínlógójì lọ. Kò gbọ́ Yorùbá, Hausa ló bá wa sọ. Ó mú ìwé dání, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá.

Ṣé Baba ní ẹ̀jẹ̀ ríru? A ní, "A'a." Ṣé wọ́n ń lo oògùn kankan, ti òyìnbó tàbí ti ìbílẹ̀? "A'a." Ṣé wọ́n ń mu ọtí? "A'a." Ṣé ẹnì kan nínú ìdílé yín ti ní ìṣòro rí nígbà tí wọ́n fún un lóògùn oorun? A wo ojú ara wa. "A'a." Ó wá kọjú sí Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn, ó ní, "Baba, ka ci abinci yau?" Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ò jẹ nǹkan kan láti àná.

Ìbéèrè márùn-ún, irọ́ márùn-ún.

Ẹ jẹ́ ká sọ ìdí rẹ̀ bó ṣe rí. Àwa tá à ń gbé nílẹ̀ onílẹ̀, a kì í tú ikùn wa fún ẹni tá ò mọ̀. Bí àwọn òbí wa ṣe kọ́ wa nìyẹn, ó sì ti yọ wá nínú ewu, pàápàá láwọn ọdún tí Jọ́ọ̀sì ò fara rọ, bíi 2001 àti 2008. Ẹni tó bá ń bi wá léèrè púpọ̀, a máa ń rò pé ó ń wá ohun tó máa fi mú wa ni. Ojú sì tún ń tì wá. Ta ló fẹ́ kí ọmọ tó lè bí gbọ́ pé òun máa ń mu páragà láàárọ̀ kóun tó ṣí ṣọ́ọ̀bù?

Wọ́n ti ń ti bẹ́ẹ̀dì Ẹ̀gbọ́n lọ sí tíátà nígbà tí ìyàwó wọn sáré di irin bẹ́ẹ̀dì mú. Ó ní, "Ẹ dúró! Wọ́n jẹun. Èmi ni mo gbé e fún wọn. Aago márùn-ún ni." Yorùbá ló fi sọ ọ́. Èyí tó jẹ́ obìnrin nínú wa ló túmọ̀ rẹ̀ sí Hausa, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n.

Dókítà ní kí wọ́n dá bẹ́ẹ̀dì padà. Kò ní sí iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n bínú sí ìyàwó wọn, wọn ò wo ojú rẹ̀. Àwa náà bínú sí i. A ṣírò owó ọkọ̀, a ṣírò ọjà tá ò tà, a ṣírò ìtìjú. Ó ń sunkún ní kọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ní kó pẹ̀lẹ́.

Ọmọbìnrin yẹn ò pariwo mọ́ wa. Ó kó gbogbo wa sí yàrá kan, ó ní òun ti bi wá tán, ó kù kí àwa náà bi òun.

A bi í pé kí ni oúnjẹ ní í ṣe pẹ̀lú oorun. Ó ní tá a bá sun oorun ilé, tí nǹkan bá gorí wá sí ọ̀fun, a máa húkọ́, a máa jí. Oorun oògùn kì í ṣe irú ìyẹn. Ó máa ń mú ikọ́ náà sùn. Tí oúnjẹ bá wà nínú, ó lè gòkè wá, kó gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ẹni náà ò sì ní lè húkọ́ kó fi lé e jáde. Ìdí nìyẹn tí oúnjẹ fi gbọ́dọ̀ ti pé wákàtí mẹ́fà, ó kéré tán, nínú ikùn. Èyí tí òróró bá pọ̀ nínú rẹ̀ tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi lásán lè jẹ́ wákàtí méjì, tí dókítà bá gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní ògì kì í ṣe omi. Mílíìkì kì í ṣe omi. Fùrá kì í ṣe omi.

Nígbà tó dárúkọ fùrá, obìnrin inú wa dìde, ó jáde lọ síta.

Ní 1998, láàárọ̀ ọjọ́ tí Bàbá wọ tíátà, òun ló po fùrá igbá kan fún wọn, àwa tó kù la gbé e sí wọn lẹ́nu. Wọ́n bi wá nígbà yẹn náà. A ní wọn ò jẹ, wọn ò mu. Lẹ́yìn tí wọ́n kú, dókítà kan sọ fún wa pé wọ́n bì nígbà tí wọ́n ń sùn lọ, ó sì gba ọ̀nà èémí wọlé. A rò pé àwáwí ni. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tá a ti ń sọ pé abẹ́rẹ́ ló pa Bàbá.

A ò ní sọ ju ìyẹn lọ lórí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wá bi í pé, "Tí ẹ bá mú mi sùn, ta ló máa jí mi?" Ó ní kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ abẹ ló nílò kí èèyàn sùn pátápátá. Tí wọ́n bá fẹ́ yọ eyín, ibi tí eyín wà nìkan ni wọ́n máa fi abẹ́rẹ́ kú. Òmíràn wà, bí ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ fi rọ́bà wo inú ìfun èèyàn, oògùn tó ń mú èèyàn tòògbé ni wọ́n máa fún un, á ṣì máa mí fúnra rẹ̀. Ti oorun pátápátá, wọ́n sábà máa ń fi rọ́bà sí ọ̀nà èémí rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀fun fi máa ń dun àwọn kan tí wọ́n bá jí. Èèbì náà lè gbé wọn. Ó ní ẹni tó fúnni lóògùn oorun kì í lọ síbì kankan. Òun ló ń wo mímí, ìlù ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru títí iṣẹ́ á fi parí. Ohun kékeré kan tún wà tí wọ́n máa ń fi há ọmọ ìka, tó ń sọ bóyá atẹ́gùn tó nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin, ìdí tí wọ́n fi máa ń ní kẹ́ ẹ pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́ nìyẹn. Làálì dúdú náà lè dí i lójú.

Ó ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn lòun máa fún Ẹ̀gbọ́n. A pariwo pé ṣé kò ní rọ wọ́n lápá rọ wọ́n lẹ́sẹ̀? Ó ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ni wọ́n ń gún un sí, ibi tí okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn ti parí. Ẹsẹ̀ á kú fún wákàtí mélòó kan, á sì padà. Orí lè fọ́ àwọn kan lẹ́yìn rẹ̀. Ìtọ̀ lè má tètè wá. Kí ó ba ẹsẹ̀ jẹ́ títí láé ṣọ̀wọ́n gan-an. Kò sọ fún wa pé kò séwu rárá o. Ó ní ewu wà, ṣùgbọ́n ohun tóun bá ti mọ̀ ṣáájú, òun lè múra dè é.

Ibẹ̀ ló ti yé wa. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ gbọ́. Tá a bá fẹ́ gbé ọjà sọ́kọ̀, awakọ̀ á bi wá pé kí ló wà nínú páálí yìí. Tá a bá ní aṣọ ni, tó sì jẹ́ ife onígíláàsì ni, á ju àpò ìrẹsì lé e lórí. Tó bá fọ́, ta la fẹ́ mú? Láti ọdún yìí wá, kò sí ìgbà kan tá a purọ́ fún awakọ̀ nípa àwo. Bàbá wa la purọ́ lé lórí. A tún fẹ́ fi Ẹ̀gbọ́n ṣe é.

La bá ní kó mú ìwé rẹ̀ padà wá. A sọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ní ká kó páálí rẹ̀ wá kóun rí orúkọ rẹ̀, torí pé òmíràn wà tí wọ́n máa ń lò láàárọ̀ ọjọ́ náà pẹ̀lú omi díẹ̀, òmíràn wà tí wọ́n máa ń dá dúró. A sọ àgbo. Ó ní kí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró, torí pé àwọn ewé kan lè mú kí ẹ̀jẹ̀ má tètè dá, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ jù. Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn sọ ọ̀rọ̀ páragà, wọ́n ń wo ilẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó béèrè eyín tó ń mì, ó béèrè ìhanrun, ó béèrè ikọ́ fée àti àrùn fòníkú-fọ̀ládìde. Gbogbo rẹ̀ ló ní ìdí. A sọ ti Bàbá kẹ́yìn. Ó sọ bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Allah ya jiƙan sa."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì a padà lọ. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ìyàwó Ẹ̀gbọ́n ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó fi kọ́kọ́rọ́ há ìró. Kò sẹ́ni tó jẹun nínú gbogbo wa láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, àtọmọdé àtàgbà.

Ẹ̀gbọ́n ló sọ bó ṣe rí fún wa. Wọ́n ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n tẹ ẹ̀yìn bí ẹni ń wo inú kànga. Abẹ́rẹ́ náà ta wọ́n díẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn móoru, ó wúwo, wọn ò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Nígbà tó yá, òòyì kọ́ wọn, èébì sì fẹ́ gbé wọn. Wọ́n rò pé ó ti dé. Dókítà yẹn ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló lọ sílẹ̀, ó ti fa oògùn rẹ̀ sílẹ̀ de e, ó fún wọn lójú ẹsẹ̀. Ó fọwọ́ lé wọn léjìká, ó ní, "Baba, ina nan." Òun wà níbí. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń gbọ́ tí àwọn tó ń gé wọn ń jiyàn lórí iye tí wọ́n ń ta àpò ọ̀dùnkún. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dá sí i, torí pé iye tí wọ́n ń pè ti pọ̀ jù.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn mì. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, "Níbo ni ìyàwó mi wà?" Ó wọlé. Wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú lójú gbogbo wa, wọ́n ní, "O ṣeun." Àwa náà kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni o, àwa tá a jẹ́ ọkọ rẹ̀ nínú ilé.

Arákùnrin wa tó sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, àwa àti Ẹ̀gbọ́n ń bọ̀ nílé yín lọ́jọ́ Sunday, ká wá bá Bàbá sọ̀rọ̀. Ẹ bá wa sọ fún wọn kí wọ́n má bínú, a ò ní mú nǹkan jíjẹ wá. Tí ọjọ́ bá pé, ẹ kó páálí oògùn wọn dání, ẹ kó ìgò àgbo pàápàá dání. Tẹ́ ò bá gbọ́ èdè dókítà dáadáa, ẹ wá ẹni tó máa túmọ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá bi yín, ẹ sọ ọ́ bó ṣe wà.

Ọlọ́run á bá wa wo gbogbo ẹni tó wà lórí àìsàn. A ò ní fi irọ́ sin èèyàn wa mọ́ o.