Òkun Kan Náà, Òjò Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Láti Èkó dé Kpalimé

Òjò ló sìn mí jáde ní Èkó. Oṣù Agẹmọ ni, ọjọ́ sì ti ṣú láti òru. Bọ́ọ̀sì ń wọ́ nínú omi lójú ọ̀nà Badagry, àwọn tó jókòó létí fèrèsé sì ń fi ìdí aṣọ dí ibi tí omi ń gbà wọlé. Lọ́tùn-ún lósì, ìrà ni. Igi ògùrọ̀ dúró sínú omi, ewé wọn wálẹ̀ bí òrùlé koríko. Èkó a máa gba òjò tó lé ní 1,500 mìlímítà lọ́dún. Lomé ni mo kọ́kọ́ ń lọ, ìrìn tí kò tó 300 kìlómítà, létí òkun kan náà. Mo mú agbòjò méjì dání.

Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, kò sí èyí tí mo tún nílò nínú méjèèjì.

Láti ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ ni òjò ti ń tín-ín-rín. Ní Kútọnu, níbi tí òjò ọdún kan ti tó nǹkan bí 1,300 mìlímítà, ó ti di wínníwínní. Àríwá ìlú náà ni adágún Nokoué wà, tí àwọn ará Ganvié kọ́ ilé wọn lé orí òpó nínú rẹ̀. Omi odò Ouémé a máa kún dé abẹ́ ilé wọn bí òjò apá àríwá bá ṣàn wá, a sì tún máa fà. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń gbé lọ sọ́jà.

Lẹ́yìn Ouidah ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ríran jìnnà. Igbó ti tán. Koríko ló kù, àti igbó kéékèèké tó dà bí erékùṣù láàárín oko àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Nígbà tí a kọjá sí Togo, mo rí igi oṣè kan tó dá dúró, ìdí rẹ̀ tóbi ju bọ́ọ̀sì wa lọ. Ẹni tó bá dàgbà sí Oǹdó tàbí Iléṣà mọ̀ pé èèyàn gbọ́dọ̀ kọrí sí òkè, kó kọjá Ọ̀yọ́, kó tó bọ́ sínú ọ̀dàn. Níbí, ọ̀dàn fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ wá wo òkun.

Àwọn onímọ̀ ń pe ibẹ̀ ní Àlàfo Dahomey. Ó gé igbó ńlá Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sí méjì: apá kan lọ sí Ghana, Côte d'Ivoire àti Liberia, apá kejì bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ Nàìjíríà lọ dé Cameroon àti Congo. Ọ̀pọ̀ ẹranko àti igi tó wà ní apá kan kò sí ní èkejì.

Afẹ́fẹ́ àti òkun ni wọ́n jọ ṣe é. Láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn ni afẹ́fẹ́ tó ń gbé òjò ti ń fẹ́. Ní apá ọ̀dọ̀ wa, ó ń wọ ilẹ̀ tààrà. Ṣùgbọ́n láti Cape Three Points ní Ghana, etíkun yẹ̀ sí àríwá ìlà oòrùn, tí afẹ́fẹ́ fi ń bá a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́, tí kò fi bẹ́ẹ̀ yà wọlé. Èkejì ni pé láti oṣù Agẹmọ títí di oṣù kẹsàn-án, omi tútù a máa ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun. Bí òkun bá tutù, afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ náà á tutù, á wúwo, kò ní lè gòkè. Afẹ́fẹ́ tí kò bá gòkè kì í di òjò. Ìdí nìyí tí òjò Lomé kì í fi í sábà ju 900 mìlímítà lọ lọ́dún.

Ọ̀rọ̀ kò rí báyìí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nínú pòtòpótò ìsàlẹ̀ adágún Sélé, ní gúúsù ilẹ̀ Benin, lẹ́búlẹ́bú òdòdó ayé àtijọ́ ṣì wà lẹ́sẹẹsẹ. Wọ́n fi hàn pé igbó ló bo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní nǹkan bí 4,500 ọdún sẹ́yìn ni ojú ọjọ́ gbẹ, tí ọ̀dàn sì gba ilẹ̀.

Ní Lomé, màmá oníṣòwò kan, Yorùbá bíi tèmi, rí agbòjò tí mo há sábẹ́ apá.

"Ọmọ mi, ta lo ń gbé ìyẹn bọ̀ wá fún? Ẹ̀wù òtútù là ń wọ̀ níbí lásìkò yìí."

"Ẹ ṣé, mà. Èkó ni mo ti ń bọ̀."

"Ó hàn lára ẹ."

Ó bu òkèlè àgbàdo tí wọ́n ń pè ní akumè fún mi, pẹ̀lú ẹja sáwá. Bí mo jẹun tán, mo sọ̀kalẹ̀ lọ sétí òkun, mo ti ẹsẹ̀ bọ omi. Ó tutù wọ egungun. Omi tútù yìí kan náà tó ń lé òjò lọ ló ń gbé oúnjẹ ẹja wá láti ìsàlẹ̀, ìyẹn ni sáwá fi ń pọ̀ lásìkò rẹ̀. Àwọn apẹja tò bí ọgbọ̀n sídìí okùn, wọ́n ń fa àwọ̀n wá sókè pẹ̀lú orin.

Ìgbì tó ń fi ẹ̀gbẹ́ lu etíkun yìí a máa kó iyanrìn lọ sí ìlà oòrùn, lójoojúmọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ èbúté Lomé, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1968, iyanrìn ń dúró sí ìwọ̀ oòrùn rẹ̀, òkun sì ń jẹ ilẹ̀ lápá kejì, lọ́nà Aného. Mo rí ògiri ilé tó ṣẹ́kù ìdajì níbẹ̀, ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sí òkun.

Ní ọjọ́ kẹta, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Kpalimé, ó lé ní 100 kìlómítà sí Lomé. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbígbẹ la ń là kọjá títí òkè Agou fi yọ, òkè tó ga jù ní Togo, 986 mítà. Ìkùukùu ti dé e bí fìlà. Afẹ́fẹ́ tó kọjá lára Lomé láìrọ̀ dé ibi tí kò ti lè yà: òkè tì í sókè, ó tutù, ó di òjò. Kíá ni igbó padà dé. Àràbà yọ, ìrókò yọ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń kán omi sílẹ̀ létí ọ̀nà.

Àgbẹ̀ kan là kòkó fún mi lẹ́bàá oko rẹ̀. Mo fi ọ̀kan nínú hóró funfun náà sẹ́nu, ó sì dùn gẹ́lẹ́ bí èyí tí a máa ń lá lóko bàbá wa. Òjò ti ń bọ̀ lórí ewé. Mo ṣí agbòjò kan, mo na èkejì sí àgbẹ̀ náà.