Ẹ Mú Àwọn Ọmọ Lọ Wo Ibi Tí Omi Ń Lọ

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, Ìwó Olódò Ọbà ni wọ́n ń ki ìlú wa. Oríkì ńlá ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí sí Ìwó, láti orí afárá nìkan ni wọ́n ti mọ Ọbà, nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbé wọn kọjá. Wọn kò mọ ibi tí ó ń lọ. Ọmọ tí kò sì mọ ibi tí omi ń lọ, báwo ni yóò ṣe mọ ẹni tí ìdọ̀tí rẹ̀ yóò bá lọ́hùn-ún?

Ìdí nìyí tí èmi àti olùkọ́ méjì fi kó àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rìndínlógún nínú ìjọ wa jáde ní Sátidé kan nígbà òjò, lẹ́yìn tí àwọn òbí wọn ti fọwọ́ sí i. Ẹ̀yìn ọjà ni a ti bẹ̀rẹ̀. A tẹ̀lé omi gọ́tà lọ sí ìsàlẹ̀ títí ó fi wọ odò kékeré kan. A bu omi sínú ìgò méjì, ọ̀kan lókè odò náà níbi tí kò sí ilé, ọ̀kan nísàlẹ̀ níbi tí gọ́tà ti já sí i. A gbé méjèèjì kalẹ̀ lábẹ́ igi, a sì jẹun. Nígbà tí a padà dé ìdí wọn, omi òkè ti tòrò. Ti ìsàlẹ̀ ṣì dúdú, ẹrẹ̀ sì ti rọ̀ sí ìdí ìgò. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Mo wá fi igi ya á sílẹ̀ fún wọn. Gbogbo ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ ń ṣàn wọ odò kan, bí agboolé kan ni. Omi Aíbà, tí wọ́n sé ní Ìwó láti fi ṣe omi ẹ̀rọ, ń ṣàn wọ Ọbà. Ọbà ń ṣàn wọ Ọ̀ṣun, tí ó ti Ìgèdè-Èkìtì wá. Ọ̀ṣun yìí kan náà ni wọ́n sé ní Aṣéjirẹ́ kí àwọn ará Ìbàdàn lè rí omi mu, kí ìyókù tó wọ ọ̀sà Lẹ́kí. Nítorí náà, ohun tí a bá jù sí gọ́tà ní Ìwó, ìlú mìíràn ni yóò sanwó àtiyọ ọ́ kúrò nínú omi.

Ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ní, "Ẹ má bínú, mà. Ọkọ̀ akólẹ̀ kì í dé àdúgbò wa. Bí àwa mẹ́rìndínlógún bá sì dáwọ́ dúró, gbogbo ọjà ṣì ń da tiwọn síbẹ̀. Kí ni tiwa fẹ́ yí padà?"

Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ. Sòbìà ni mo fi dá a lóhùn. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mo rí i lẹ́sẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí mo wà ní kékeré; ó ju oṣù kan lọ tí kò lè lọ sí iléèwé. Nígbà tí wọ́n kà á káàkiri Nàìjíríà ní 1988 sí 1989, àwọn tí ó ń ṣe lé ní 650,000. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un, kò sì sí oògùn tí ó ń wò ó. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, kànga tí a gbẹ́, àti ẹ̀kọ́ pé kí ẹni tí sòbìà ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ má ṣe wọ inú omi mímu, wà lára ohun tí wọ́n fi lé e lọ. Ní 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn tí ó ṣe. Ní 2013, àjọ ìlera àgbáyé jẹ́rìí sí i pé ó ti kúrò ní ilẹ̀ wa. Ilé kan ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ́ omi kí ìkejì tó wò ó ṣe.

Kì í ṣe àwa ni a dá irú ẹ̀kọ́ ìta gbangba yìí sílẹ̀. Láti 1990 ni Nigerian Conservation Foundation ti ní ọgbà kan ní Lẹ́kí, ní Èkó, níbi tí àwọn ọmọ iléèwé ti ń fi ojú ara wọn rí ẹranko, igi àti àbàtà.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọkùnrin yẹn àti ìyá rẹ̀ tí ń ta oúnjẹ gbé garawa onídèérí síwájú ṣọ́ọ̀bù wọn fún ọ̀rá àti ewé. Gọ́tà ọjà kò tíì mọ́. Ṣùgbọ́n aládùúgbò méjì ti bi wọ́n pé èló ni wọ́n ra garawa náà.

Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ mú àwọn ọ̀dọ́ yín lọ, kí àgbàlagbà kan wà fún ọmọ márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí gbogbo wọn wọ bàtà, kí ẹ má sì lọ nígbà tí òjò bá ṣú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wẹ̀ níbẹ̀, nítorí kòkòrò àtọ̀sí ajá a máa ti ara ìgbín kéékèèké inú omi jáde, a sì máa gba awọ ara wọlé. Ọlọ́run fi ọgbà lé Ádámù lọ́wọ́ kí ó máa tọ́jú rẹ̀. Ní tiwa, odò Ọbà ló wà níwájú wa. Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́.