FÈRÈSÉ INÚ ILÉ ÀTI Ọ̀DÀ TÍ KÒ RÙN

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò gbé ilé tí a ti kọ́ tipẹ́, tí férémù fèrèsé rẹ̀ jẹ́ igi, tí ọ̀dà ara rẹ̀ sì ti ń bó. Bí a bá fẹ́ tún un kùn, òórùn ọ̀dà ni a ń bẹ̀rù jù, nítorí pé inú yàrá náà ni a ó sùn ní alẹ́.

Ìbẹ̀rù náà tọ́. Ọ̀dà olóróró tí àwọn akùnlé ń pè ní gílọ́ọ̀sì ní èròjà tí ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́ bí ó ti ń gbẹ. Òun ni í mú kí orí máa fọ́ni, tí í sì í ni ẹni tí mímí nira fún lára. A dúpẹ́ pé ọ̀dà igi tí a fi omi pò wà, tí òórùn rẹ̀ kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi ọ̀dà ògiri rọ́pò rẹ̀, kí fèrèsé má baà lẹ̀ mọ́ férémù nígbà tí a bá pa á dé.

Síbẹ̀, kí a má ṣe fi imú nìkan ṣe onídàájọ́. Ohun tí ó léwu jù lè má rùn rárá. Láyé àtijọ́, a máa ń fi òjé, irin wíwúwo tí Ìwé Ẹksódù dárúkọ, sínú ọ̀dà, kí àwọ̀ rẹ̀ lè tàn, kí ó sì tètè gbẹ. Ní Amẹ́ríkà, òfin dè é nínú ọ̀dà ilé ní ọdún 1978. Bí a bá ha irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ ní gbígbẹ, eruku rẹ̀ yóò bà sórí ẹní àti abọ́. Ọmọ tí ń rá yóò kó o sẹ́nu, yóò sì ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé tí a mọ̀ pé kò léwu.

Nítorí náà, kí a kó ẹrù jáde, kí ọmọdé àti aboyún jìnnà sí yàrá náà, kí a sì fi ohun tí eruku kò lè là kọjá bo imú. Kí a fi ọṣẹ àti omi wẹ igi náà, kí a wá fi pépà káfíńtà tí omi kì í bàjẹ́ ha á ní tútù, títí dídán rẹ̀ yóò fi lọ. Ọ̀dà olómi kì í di ara tí ń dán mú. Kí a má ṣe fi iná sun ọ̀dà àtijọ́. Àkísà tútù ni kí a fi nu ilẹ̀, kì í ṣe ìgbálẹ̀. Bí igi bá gbẹ, kí a kùn ún fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí èkíní gbẹ kí a tó kun èkejì, kí fèrèsé sì wà ní ṣíṣí títí yóò fi gbẹ tán.

Àwọn kan yóò wí pé a sọ iṣẹ́ ọjọ́ kan di ti ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àwọn ọmọ tí a ó máa kọ́ yóò wọlé tọ̀ wá, wọn yóò sì fara ti fèrèsé wọ̀nyí. Kò yẹ kí a fi ọwọ́ kan fún wọn ní ìmọ̀, kí a sì fi ọwọ́ kejì bu ohun tí ń ba ọpọlọ jẹ́ fún wọn.