Halifax Tí Mo Ń Kàn

Bí ọ̀rọ̀ bàálù ajubọ́ǹbù Ogun Àgbáyé Kejì bá délẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Lancaster ni gbogbo ẹnu máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Òun náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń kan bàálù kékeré tí a ń fi rédíò darí máa ń yàn. Ó tọ́ sí i. Méjì nínú rẹ̀ ṣì ń fò títí di òní, ọ̀kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ọ̀kan ní Kánádà. Ṣùgbọ́n Halifax tí wọ́n jọ ja ogun náà, 6,176 ni wọ́n ṣe, kò sì sí ẹyọ kan tó ń fò mọ́ níbikíbi láyé. Halifax ni mo ń kàn.

Akin Shenbanjo ló fà á. Ọmọ Nàìjíríà ni, òun ló ń bójú tó rédíò nínú Halifax kan ní ẹgbẹ́ 76 ti RAF, iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní pápá bàálù Holme-on-Spalding Moor ní Yorkshire, níbi tí èmi náà ń gbé báyìí. Àwọn tí wọ́n jọ ń fò sọ bàálù wọn ní “Achtung! The Black Prince” nítorí tirẹ̀, ìjọba sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ DFC. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ orúkọ Shenbanjo kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi mí pé kí ló dé tí mo fi yàn án.

Halifax tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Elvington, nítòsí York, ni mo máa ń lọ wò. Àkójọ àjẹkù ni: apá kan lára rẹ̀ ti di ilé adìyẹ rí ní erékùṣù Lewis, ìyẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ti bàálù mìíràn tó ń jẹ́ Hastings. Mo bọ̀wọ̀ fún ọwọ́ tó tò ó pọ̀.

Ìdá kan nínú 12 gígùn Halifax gidi ni tèmi. Ìyẹ́ Halifax III, irú èyí tí mo ń kàn, gùn tó mítà 31.75 láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó. Tèmi fi díẹ̀ lé ní mítà 2.6. Bí gígùn bá ti dín báyìí, ìtóbi ojú ìyẹ́ di ìdá kan nínú 144, ìwúwo sì gbọ́dọ̀ di ìdá kan nínú 1,728. Afẹ́fẹ́ nìkan ni kì í bá wa kéré. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wọn igi balsa kọ̀ọ̀kan kí n tó gé e, tí mo sì ń lu ihò sínú gbogbo egungun ìrù, torí imú Halifax kúrú, ẹ̀yìn rẹ̀ gùn. Gíráàmù kan tó bá ṣèèṣì lé ní ìrù, ọ̀pọ̀ gíráàmù ni èèyàn máa fi sí imú kí ó tó dọ́gba.

Ìrù yìí gan-an ló jẹ́ kí n mọ ohun tí ìwé kò fi yé mi tó. Halifax àkọ́kọ́ gbéra ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 1939, onígun mẹ́ta sì ni abẹ̀bẹ̀ ìrù rẹ̀ méjèèjì. Tí awakọ̀ bá yà bàrà láti sá fún ọ̀tá, tàbí tí ẹ́ńjìnì bá kú ní ẹ̀gbẹ́ kan, ìtọ́kọ̀ ẹ̀yìn lè há sí ẹ̀gbẹ́ kan kó má padà mọ́, bàálù á sì máa pòòyì bọ̀ wálẹ̀. Ẹ̀mí ti bọ́ kí wọ́n tó sọ abẹ̀bẹ̀ náà di onígun mẹ́rin tó fẹ̀ ní ọdún 1943. Nígbà tí mo gbé àwòrán abẹ̀bẹ̀ àtijọ́ àti ti tuntun léra lórí igi, ohun tó fi yọ kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Mo dúró wò ó fún ìgbà pípẹ́.

Mọ́tò oníná mẹ́rin ni mo fi rọ́pò ẹ́ńjìnì Hercules ti Halifax III. Ẹ̀rọ rédíò tó ń gba àṣẹ láti ọwọ́ mi, abẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ ni mo gbé e sí. Ibẹ̀ ni ìjókòó òṣìṣẹ́ rédíò wà nínú Halifax, atọ́nà àti ẹni tó ń ju bọ́ǹbù wà níwájú rẹ̀. Ìwúwo ibẹ̀ ràn mí lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí kò tilẹ̀ ràn mí lọ́wọ́, ibẹ̀ náà ni ǹ bá gbé e sí. Ibẹ̀ ni àwọn bíi Shenbanjo máa ń jókòó sí lókè Jámánì lóru, tí wọ́n ń tẹ́tí sí ìròyìn láti ilé, tí wọn kò sì gbọ́dọ̀ fọhùn àfi tó bá di dandan.

Bọ́ǹbù ni a ṣì ń bá ara wa jiyàn lé lórí ní pápá tí a ti ń fi bàálù kékeré wa fò. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe ilẹ̀kùn tó ń ṣí lójú òfurufú, tí bọ́ǹbù oníke á já bọ́, tí àwọn òǹwòran á pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní eré lásán ni. Èmi kò gbà. Nínú nǹkan bí 125,000 tó fò fún Bomber Command, ẹ̀ka RAF tó ń ju bọ́ǹbù, 55,573 ló kú, ọ̀pọ̀ wọn kò tíì pé ọmọ ọdún 25. Ní ìlú Hamburg ní Jámánì ní oṣù Keje ọdún 1943, iná bọ́ǹbù pa àwọn ará ìlú tó lé ní 30,000, Halifax sì wà lára àwọn bàálù tó dá a. Mi ò lè bọlá fún ìgboyà àwọn tó wà lókè kí n wá fi ikú àwọn tó wà nílẹ̀ ṣe àrà fún àpatẹ́wọ́. Mi ò sì fẹ́ fi ike dí yàrá bọ́ǹbù pa bí ẹni pé kì í ṣe bọ́ǹbù ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe bàálù náà. Mò ń ṣe yàrá bọ́ǹbù náà pé pérépéré, tòun ti àwọn kékeré inú ìyẹ́. Tó bá wà nílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ lè ṣí ilẹ̀kùn wo inú rẹ̀, kó sì bi mí ní ìbéèrè tó bá wù ú. Tó bá ti gbéra, títì ni yóò wà.