Ìka Kan Tọ́ Epo, Ó Ran Gbogbo Ẹbí: Ọ̀rọ̀ Olè Tó Wọ 23andMe

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ìka kan bá tọ́ epo, a máa ran àwọn yòókù. N kò mọ òwe tí ó bá ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ 23andMe ti orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà mu ju èyí lọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé àwọn olè ti wọ àkáǹtì àwọn kan nínú àwọn oníbàárà òun. Nígbà tí wọ́n ka àkáǹtì tí olè ṣí, ó jẹ́ nǹkan bí 14,000 nínú mílíọ̀nù 14. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lè sọ pé kò tó nǹkan, nítorí ẹyọ kan péré ni nínú ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó parí, a gbọ́ pé àwọn ènìyàn tí ìsọfúnni wọn bọ́ sọ́wọ́ olè tó mílíọ̀nù 6.9. Báwo ni 14,000 ṣe di nǹkan bí mílíọ̀nù méje? Inú ìdáhùn ìbéèrè yìí ni ẹ̀kọ́ tí ó kan gbogbo wa wà.

Iṣẹ́ tí 23andMe ń ṣe kò ṣòro láti ṣàlàyé. Oníbàárà yóò tutọ́ sínú ike kékeré kan, yóò fi ránṣẹ́, wọn yóò sì yẹ DNA inú itọ́ náà wò. Wọn yóò sọ ibi tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá fún un, àti àìsàn tí ó ṣeé ṣe kí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá fẹ́, wọn yóò tún fi àwọn ìbátan rẹ̀ hàn án láàrin àwọn oníbàárà yòókù. N kò fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Òwò ẹrú já okùn ìran mọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà lọ́wọ́. Kò sí ìwé, kò sí oríkì tí yóò sọ ìlú baba wọn fún wọn. Irú àyẹ̀wò báyìí ni ó júwe ilẹ̀ Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n mi kan tí wọ́n ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà ṣe é, wọ́n sì rí ìbátan tí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa kò mọ̀ rí. Mo bá wọn yọ̀. Wọ́n ní kí èmi náà fi itọ́ tèmi ránṣẹ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n rò ó ná."

Àwọn olè tí à ń sọ yìí kò fọ́ ògiri, kò sì já ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi wọlé. Wọ́n kó ímeèlì àti páásíwọ́ọ̀dù tí àwọn olè mìíràn ti jí tẹ́lẹ̀ ní ojúlé mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n wá ń dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà 23andMe. Ẹni tí ó bá ń lo páásíwọ́ọ̀dù kan náà níbi gbogbo, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí. Láti ìparí oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni wọ́n fi wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Bí wọ́n sì ti wọ àkáǹtì ẹnì kan, wọ́n rí gbogbo ìbátan tí a tò síbẹ̀ fún un: orúkọ, ọdún ìbí, ibùgbé, àti ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tí ó pa wọ́n pọ̀. Bí a bá pín in, ilẹ̀kùn kan tí ó ṣí kó bá ènìyàn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500. Ẹni tí páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀ le bí òkúta kò bọ́ nínú rẹ̀, nítorí ilé ìbátan rẹ̀ ni wọ́n ti jí i gbé.

Ohun tí ó bà mí lẹ́rù jù ni ọjà tí wọ́n pa á. Àkójọ àwọn tí ìran wọn jẹ́ Júù Ashkenazi àti àwọn tí ìran wọn jẹ́ ti Ṣáínà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé síta. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ojú àwọn Júù rí ní Yúróòpù ní ọ̀rúndún tó kọjá mọ ohun tí irú àkójọ bẹ́ẹ̀ lè dà bí ó bá dé ọwọ́ ìkà. Bí olè bá jí káàdì báǹkì, báǹkì yóò fún wa ní òmíràn. Ta ni yóò fún wa ní ẹ̀jẹ̀ mìíràn?

Nígbà tí àwọn oníbàárà gba ilé-ẹjọ́ lọ, àwọn agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ náà kọ̀wé pé àìbìkítà àwọn oníbàárà tí kò pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù ni ó fà á. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó mọ ògiri náà? Oṣù Kọkànlá ọdún 2023, lẹ́yìn tí olè ti kó ẹrù lọ, ni ilé-iṣẹ́ náà tó sọ ọ́ di dandan kí gbogbo oníbàárà máa fi ẹ̀rí kejì hàn yàtọ̀ sí páásíwọ́ọ̀dù kí ó tó wọlé. Àwọn aláṣẹ ìdáàbòbò ìsọfúnni ní Bírítéènì àti Kánádà jọ wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ti Bírítéènì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 2.31 pọ́n-ùn lé ilé-iṣẹ́ náà lórí. Lójú tèmi, ìdájọ́ náà tọ́. Ẹni tí ó kó ìran ènìyàn mílíọ̀nù 14 sínú yàrá kan kò lè di gbogbo ẹ̀bi ru ayálégbé.

Kí ìtanràn yẹn tó dé ni nǹkan ti dojú rú. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ náà sá lọ sílé-ẹjọ́ pé òun kò rí gbèsè san mọ́. Rob Bonta, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ California, ti rán àwọn ará ìlú létí pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti ní kí a pa ìsọfúnni wọn rẹ́. Ní oṣù Keje, àjọ kan tí Anne Wojcicki, ọ̀kan nínú àwọn olùdásílẹ̀ 23andMe, dá sílẹ̀ ra dúkìá náà ní mílíọ̀nù 305 dọ́là. Ilé-iṣẹ́ lè kú. Ohun tí a fi pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀ kò bá a kú.

Nàìjíríà náà ti ní òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni láti ọdún 2023. Ó ka ìsọfúnni nípa DNA mọ́ èyí tí ó gbẹgẹ́, ó sì fún ilé-iṣẹ́ tí olè bá wọ̀ ní wákàtí 72 láti fi tó àjọ tí ń mójú tó o létí bí ewu bá lè dé bá àwọn ènìyàn. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n ìfitónilétí kì í dá ohun tí ó sọnù padà. Nítorí náà, ẹ má ṣe lo páásíwọ́ọ̀dù kan níbi méjì, ẹ má sì kọ kóòdù kejì tí fóònù ń mú wá nítorí pé ó ń fi àkókò ṣòfò.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹnì kan kì í dá ilẹ̀ ẹbí tà. A ó pe àgbà, a ó pe àwọn ọmọ tí ó wà lẹ́yìn odi, gbogbo wọn yóò sì mọ̀ sí i. Mo gbà pé ilẹ̀ ẹbí ni ẹ̀jẹ̀ wa pẹ̀lú. Ohun tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn nígbà tí wọ́n tún bi mí: kí a kọ́kọ́ pe ìpàdé ẹbí.